Gbàdàmọ́sí Awayanrìn Kọ́ Bí Wọ́n Ṣe Ń Mí

Bí ẹ bá ń gbé ní Ìbà tàbí ní Òkókómáìkò, tí ilé yín sì ti lé ní ogún ọdún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orí làálàá Àlàní Gbàdàmọ́sí lẹ ń sùn sí. Kì í ṣe pé òun ló kọ́ ilé náà o. Yanrìn tí wọ́n fi po sìmẹ́ńtì rẹ̀ ni mo ń wí. Abẹ́ omi ọ̀sà Ọ̀jọ́ ni Gbàdàmọ́sí ti fi garawa kó o jáde, garawa kan lẹ́yìn òmíràn, fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko. Títí di òní, bó bá ń kọjá lọ ládùúgbò, á na ìka sí ilé alájà méjì kan, á ní, "Tèmi nìyẹn." Àlejò tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ọlọ́lá ńlá ni, á sì kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Gbàdàmọ́sí kì í já a ní koro.

Iṣẹ́ náà kò le láti ròyìn, ṣíṣe rẹ̀ ló le. Ẹni méjì ló máa ń wà nínú ọkọ̀ igi. Wọ́n á ri àkàbà gígùn kan mọ́ ìsàlẹ̀ omi. Ọ̀kan á mí kanlẹ̀, á pa èémí náà mọ́kùn, á di garawa mú, á gba orí àkàbà sọ̀kalẹ̀ sínú òkùnkùn tí kò ti lè rí ọwọ́ ara rẹ̀. Á wa yanrìn kún garawa, á fa okùn lẹ́ẹ̀mejì, ẹnì kejì tó wà lókè á sì wọ́ garawa náà sọ́kọ̀. Owólabí ni ẹnì kejì Gbàdàmọ́sí. Òfin méjì péré ni iṣẹ́ náà ní. Èkíní, bí o bá ti wọ omi, o ò gbọ́dọ̀ mí. Ìyẹn kò gba àlàyé. Èkejì, ẹni tó bá wọ omi kì í gòkè lọ́wọ́ òfo. Bí garawa bá já sọnù, fọwọ́ bu ẹ̀kúnwọ́ kan wá. Ẹni tó bá gòkè lọ́wọ́ òfo ló máa dáná fún gbogbo awayanrìn etí omi lọ́jọ́ náà, wọ́n á sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí di Jímọ̀ tó ń bọ̀.

Yanrìn yìí ló fi kọ́ ilé oníyàrá mẹ́jọ tó sọ ọ́ di lándílọ́ọ̀dù. Òun náà ló fi rán ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Bímpé, lọ síléèwé aládàáni kan tí kò jìnnà sí Navy Town, níbi tí àwọn ọmọ ọ̀gá ológun ti ń wọ bàtà dúdú tó ń dán gbinrin. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Bímpé jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí wọ́n pe ìpàdé àwọn òbí. Gbàdàmọ́sí wọ aṣọ funfun, ó lọ. Bó ṣe ń wọlé ni tíṣà dìde fùú, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ sà, Ọ̀gá Nefi! Bímpé ti sọ fún gbogbo kíláàsì pé ológun ojú omi lẹ̀yin, pé abẹ́ omi lẹ ti ń ṣiṣẹ́."

Gbàdàmọ́sí wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ ń wo bàtà ara rẹ̀. Kí ni kí bàbá ṣe? Ó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó bẹ́rí bíi sójà. Ọwọ́ òsì ló fi ṣe é, ṣùgbọ́n tíṣà kò fura. Láti ọjọ́ yẹn títí Bímpé fi jáde, ọdún méje gbáko, Nefi ni Gbàdàmọ́sí níléèwé náà. Kò sọ fún Owólabí. Kò sọ fún Ọmọ́yẹlé ìyàwó rẹ̀. Kò sọ fún Bímpé fúnra rẹ̀ pé ó dun òun.

Ó sì dùn ún. Ẹ jẹ́ ká má fi ewé bò ó, ó dùn ún wọra. Kò bínú sọ́mọ, nítorí ojú ń ti ọmọdé sí oríṣiríṣi nǹkan, bí bàbá bá sì ń ti ọ̀dọ̀ yanrìn bọ̀, etí rẹ̀ a máa dọ̀tí lóòótọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ kó tó kú. Ó fẹ́ kí Bímpé fẹnu ara rẹ̀ pe iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ní orúkọ tó ń jẹ́, níwájú ẹlòmíràn.

Ọgbọ̀n ọdún kọjá. Bímpé ti di nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ Sátidé kan ó pè wọ́n lórí fóònù, ojú rẹ̀ kún gbogbo gíláàsì. Ó ní ogójì ọdún òun ń bọ̀ lọ́nà, òun sì fẹ́ kí bàbá àti ìyá òun wá bá òun wọ ọkọ̀ òkun aláfẹ́ kan fún ọjọ́ méje. Ó ní ilé oúnjẹ mọ́kànlá ló wà nínú ọkọ̀ náà. Ìyá Bímpé ti ń wo inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ rẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀ tán.

"Dádì, mo tún fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín," Bímpé ní. "Mo ti ń mòòkùn o. Mo ti gba sátífíkéètì. Bí ọkọ̀ bá dúró ní erékùṣù, mo máa wọ omi."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Tíṣà ni, Dádì. A máa ń sanwó fún wọn ni."

"Èèyàn ń sanwó kó tó wọ omi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí lẹ wá ń gbé jáde?"

"A kì í gbé nǹkan kan jáde, Dádì. Ẹja là ń wò."

Gbàdàmọ́sí gbé fóònù lé orúnkún, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Bímpé, ọmọ ẹ ń sanwó wo ẹja tí ò ní jẹ o."

Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti fò sókè. Ọmọ rẹ̀ ń wọ omi! Bí wọ́n bá jọ wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ojú Bímpé á rí ohun tí bàbá rẹ̀ fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe. Ẹni tó bá fojú ara rẹ̀ rí nǹkan kì í pẹ́ pe orúkọ rẹ̀. Ó gbé fóònù sétí. "Fi orúkọ mi sí i."

Bímpé rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Dádì jókòó pẹ̀lú Mọ́mì létíkun, kí wọ́n máa mu omi àgbọn. "Ta ló kọ́kọ́ wọ omi nínú èmi pẹ̀lú ẹ?" Gbàdàmọ́sí béèrè, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé fàájì kò ní wàhálà, ẹ gbọ́. Ètò bí èèyàn á ṣe wọ omi nínú ìsinmi le ju ètò ìgbéyàwó lọ. Bímpé ní ọ̀nà méjì ló wà. Àwọn aláṣẹ ọkọ̀ lè mú wọn lọ, àwọn ará erékùṣù náà sì lè mú wọn lọ ní ẹ̀dínwó. Àmọ́ bí àwọn ará erékùṣù bá pẹ́ kí wọ́n tó dá wọn padà, ọkọ̀ kò ní í dúró.

"Ọkọ̀ á já wa sílẹ̀ nílùú onílùú?" Ìyá Bímpé pariwo láti yàrá kejì. "Ti ọkọ̀ ni kó o gbà! Kì í ṣe èmi ni wọ́n máa fi sílẹ̀ létíkun bí èèpo àgbọn."

Wọ́n gba ti ọkọ̀. Bímpé tún ní ọjọ́ kẹta ni wọ́n máa wọ omi, kì í ṣe ọjọ́ tó kẹ́yìn, torí ẹni tó bá ti abẹ́ omi jáde kò gbọ́dọ̀ wọ bàálù lójú ẹsẹ̀. Gbàdàmọ́sí béèrè ohun tó da bàálù pọ̀ mọ́ omi. Bímpé ṣàlàyé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó dáhùn pé òun ti gbọ́, kò sì gbọ́ nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà ni fọ́ọ̀mù dé. Bímpé ti kọ ohun tó mọ̀ sí i kó tó fi ránṣẹ́. Orúkọ: Àlàní Gbàdàmọ́sí. Ọjọ́ orí: mẹ́rìndínláàádọ́rin. Iṣẹ́: lándílọ́ọ̀dù. Gbàdàmọ́sí wo ibi tí wọ́n kọ iṣẹ́ sí fún ìgbà pípẹ́. Ó fi àtàǹpàkò nu ojú fóònù bí ẹni pé ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀. Kò lọ.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni: ṣé ẹ ti mòòkùn rí, ẹ̀ẹ̀melòó? Inú rẹ̀ dùn sí ìyẹn. Ó ránṣẹ́ pe Owólabí, àwọn méjèèjì jókòó síwájú ilé pẹ̀lú bébà àti báírò. Ogójì garawa lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, àádọ́ta ọ̀sẹ̀ lọ́dún, torí Iléyá àti ibà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó já sí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìléláàádọ́rin.

"Yọ ọdún tí ẹ̀yìn ń dùn ẹ́ kúrò," Owólabí ní.

"Mo wọ omi lọ́dún yẹn."

"O ò wọ̀ ọ́. Èmi ni mo wọ̀ ọ́, ìwọ lò ń fa okùn, tó ò ń bú mi. Má purọ́ fún òyìnbó, Àlàní."

Wọ́n jà sí i títí tíì fi tutù. Níkẹyìn wọ́n yọ ọdún náà, wọ́n kọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún ó lé ọgọ́ta, Gbàdàmọ́sí sì fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì èsì dé. Àwọn tó ń ṣètò ìmòòkùn kí bàbá dáadáa, wọ́n ní ó jọ pé òdo bíi mẹ́rin ti ṣèèṣì lé lórí iye náà. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé bàbá ti mòòkùn rí, kó fi nọ́ńbà káàdì rẹ̀ àti ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́.

Káàdì? Inú bí Gbàdàmọ́sí, inú sì bí Owólabí jù ú lọ, nítorí òun ló ṣe ìṣirò. Wọ́n lọ bá alága ẹgbẹ́ awayanrìn, wọ́n lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Òkókómáìkò, wọ́n tẹ létà kan. Owólabí ní Yorùbá ni wọ́n máa fi kọ ọ́, torí ẹni tó bá fẹ́ mọ òtítọ́ á wá ògbufọ̀. Wọ́n lẹ fọ́tò Gbàdàmọ́sí mọ́ ọn, alága fi òǹtẹ̀ lù ú lókè, ó fi òǹtẹ̀ lù ú nísàlẹ̀, ó tún fi ọ̀kan lu orí fọ́tò náà tó fi jẹ́ pé imú Gbàdàmọ́sí di àwọ̀ búlúù. Ní Ọ̀jọ́, ìwé tó bá ti ní òǹtẹ̀ mẹ́ta, kò sí ọ́fíìsì tí kò lè wọ̀.

Bímpé rí àwòrán létà náà lórí fóònù, kò tilẹ̀ kà á. "Dádì, wọn ò ní gba létà. Káàdì ni wọ́n ń béèrè. Ẹ jẹ́ ká kọ òdo síbẹ̀, ká ní akọ́ṣẹ́ ni yín. Wọ́n máa ń mú akọ́ṣẹ́ lọ."

Báyìí ni ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún ó lé ọgọ́ta ṣe di òdo. Gbàdàmọ́sí gbà, torí ohun tó ń wá lábẹ́ omi náà ju ìgbéraga lọ. Ṣùgbọ́n ó ká létà náà sínú ọ̀rá, ó fi pamọ́ sínú báàgì ìyàwó rẹ̀. Bímpé wá sọ èyí tó kù: lọ́jọ́ náà, wọ́n máa kọ́kọ́ dán akọ́ṣẹ́ wò níbi tí omi kò ti jìn. Ẹni tí kò bá lè fi ẹ̀rọ mí dáadáa, etíkun ló máa jókòó sí, àwọn yòókù á sì máa lọ.

Dókítà ló kọ́kọ́ rí ibi tí wàhálà wà. Ẹni tó bá ti dàgbà gbọ́dọ̀ gbàwé lọ́wọ́ dókítà, ló bá lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìbà. Dókítà gbé ẹ̀rọ sí i láyà, ó ní, "Bàbá, ẹ mí kanlẹ̀, kẹ́ ẹ dá a dúró." Gbàdàmọ́sí ṣe bẹ́ẹ̀. Fóònù dókítà dún, ó jáde lọ dáhùn. Nígbà tó padà wọlé, bàbá ṣì jókòó gán-ín, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò mí. Dókítà ké, "Nọ́ọ̀sì!" Gbàdàmọ́sí gbé ọwọ́ sókè pé kó fara balẹ̀, ó ṣẹ́kù díẹ̀. Dókítà yára bu ọwọ́ lùwé.

Ẹni tó máa kọ́ ọ ló kù. Ọkùnrin kan wà ní Òkókómáìkò tó ń jẹ́ Rótìmí, abẹ́ omi ni òun náà ti ṣiṣẹ́ nínú Nefi tòótọ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Alàgbà ìjọ aláṣọ funfun ni. Ó ní sílíńdà atẹ́gùn méjì àti rọ́bà tí wọ́n ń há sẹ́nu fi mí, ó sì mọ òtẹ́ẹ̀lì kan tí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa ń ṣófo lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tó gbọ́ gbogbo ẹjọ́ náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, kí lẹ ń da ara yín láàmú sí? Màá kọ ọ́ pé a jọ wà ní Nefi ni. Wọ́n á gbà á wéré, ẹ ò ní ṣe akọ́ṣẹ́ kankan."

Gbàdàmọ́sí wò ó. "Rárá o. Mo ti ṣe Nefi rí, ọdún méje. Ó tó mi."

Rótìmí kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, àgbà ló sì sọ ọ́, kò béèrè. Ó de sílíńdà mọ́ ọn lẹ́yìn, ó fi gọ́gù bò ó lójú, ó ti rọ́bà bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n jọ rì sísàlẹ̀. Ẹni bá ń fi ẹ̀rọ mí lábẹ́ omi, ìfófòó gbọ́dọ̀ máa ti ẹnu rẹ̀ jáde. Rótìmí dúró, ó wò ó. Ìfófòó kò jáde. Ó tún wò ó. Gbàdàmọ́sí kúnlẹ̀ nísàlẹ̀ adágún, ara rẹ̀ balẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń wá garawa. Rótìmí fà á yọ sókè bí ẹni fa iṣu.

"Bàbá, ẹ mí!"

"Nínú omi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni! Na to breathe be di work!"

"Rótìmí, ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni, tó o fi fẹ́ kí n kú?"

Rótìmí ṣàlàyé pé ẹni tó bá fi ẹ̀rọ gba atẹ́gùn sínú, tó wá pa á mọ́ra bó ṣe ń gòkè, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ á máa wú bíi táyà tí wọ́n fẹ́ jù tí wọ́n gbé sóòrùn. Ó lè bẹ́. Gbàdàmọ́sí gbọ́, ó sì gbà pé òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣé ara ń gbọ́ ìwàásù? Orí rẹ̀ á rì sómi báyìí, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á ti pa bí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní Àlàbá lọ́jọ́ tí àwọn agbowó-orí bá dé. Ìṣẹ́gun mẹ́ta kọjá, ìfófòó kan ò jáde. Ìyá Bímpé á jókòó létí adágún lábẹ́ agbòòrùn, á máa ké, "Mí, Bàbá Bímpé! Ẹ mí!" Ó di àṣà sí i lára. Bó bá ń jẹun, "Ẹ mí." Bó bá ń wo ìròyìn, "Ẹ mí." Àwọn ayálégbé gbọ́ ọ, àwọn náà gbé e. Ẹni tó bá fẹ́ kí i láàárọ̀ á ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, lándílọ́ọ̀dù. Ẹ máa mí o."

Ìtìjú kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Ó ń rí i lọ́kàn rẹ̀: etíkun, àga, omi àgbọn, Bímpé ń lọ sínú omi láìsí òun, tí òun sì tún máa jẹ́ lándílọ́ọ̀dù títí ayé.

Ní Ìṣẹ́gun kẹrin, àkókò ìrun Àsárì bá wọn níbẹ̀. Gbàdàmọ́sí kírun tán, ó jókòó, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Sùbúhánálláhì. Sùbúhánálláhì. Nígbà tó dé bíi méjìlá, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ilẹ̀kẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan àyà ara rẹ̀. Èémí kan ń jáde pẹ̀lú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, òun kò sì pè é. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó de sílíńdà, ó ti rọ́bà bọnu, ó rì sísàlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀fun kà á: Sùbúhánálláhì.

Ìfófòó jáde. Òmíràn tẹ̀ lé e. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ìkòkò ẹ̀wà tó ti jiná. Ó ka mẹ́tàlélọ́gbọ̀n pé, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lókè, Alàgbà Rótìmí gbàgbé ara rẹ̀, ó ń fò sókè nínú adágún, ó ń ké, "Halelúyà! Halelúyà!" Ìyá Bímpé ju agbòòrùn nù, ó bú sẹ́kún.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n wà lórí òkun. Nípa ọkọ̀ náà, ohun tí Ìyá Bímpé sọ nígbà tó délé ni pé òun lo ọjọ́ méje nínú rẹ̀, òun kò sì rí ibi tí wọ́n ń wà á. Ó ka ilé oúnjẹ mọ́kànlá náà, ó jẹun nínú wọn, ó ní ata kò sí ní ọ̀kankan. Gbàdàmọ́sí kò rójú oúnjẹ. Òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ ló ń dúró létí ọkọ̀, ó ń wo omi, ó ń ka tẹ̀sùbáà.

Lọ́jọ́ kẹta wọ́n dé erékùṣù náà. Ọkọ̀ kékeré kan ló gbé wọn jáde, Ìyá Bímpé sì wọ̀ ọ́ pẹ̀lú wọn, báàgì rẹ̀ lápá. Ó yọ okùn jáde nínú báàgì náà, ó fẹ́ dè é mọ́ ọkọ rẹ̀ nídìí. "Kí n lè máa fà á bó bá pẹ́," ó ní. Ọkùnrin ará erékùṣù tó ń mú wọn lọ, ẹni pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, bẹ̀ ẹ́ títí ó fi dá okùn padà. Ó wá ka òfin fún gbogbo wọn: ẹ máa mí nígbà gbogbo, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ má mú nǹkan kan jáde. Gbàdàmọ́sí mi orí. Àkọ́kọ́ ti yé e.

Wọ́n dán an wò níbi tí omi ti mọ láyà. Ó yọ rọ́bà, ó dá a padà, ó da omi jáde nínú gọ́gù, ó ń hó bí ìkòkò. Ọkùnrin náà na àtàǹpàkò sí i. Wọ́n rì.

Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí Gbàdàmọ́sí nísàlẹ̀ níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò retí rẹ̀. Ó rí ilẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ omi, kò fojú rí i rí. Òkùnkùn ló mọ̀ níbẹ̀, àti ọwọ́. Níbí, omi mọ́ gaara, ìmọ́lẹ̀ ń jó lórí yanrìn funfun tó lọ títí ojú kò fi tó o mọ́. Bímpé fà á lápá, ó ń nàka sí ẹja aláwọ̀ ewé kan. Gbàdàmọ́sí nàka sí yanrìn. Yanrìn líle ni, ó mọ́, kò ní ẹrẹ̀ rárá. Ọjọ́ kan ni irú èyí máa lò létí omi Ọ̀jọ́, wọ́n á ti rà á tán.

Ó kúnlẹ̀. Ó ká apá òsì mọ́ àkàbà tí kò sí níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún wa yanrìn sínú garawa tí kò sí níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹfà, títí ó fi kún. Ó fa okùn lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbójú sókè, ó fojú sin garawa náà bó ṣe ń lọ sọ́dọ̀ Owólabí. Lẹ́yìn náà ó wo ọmọ rẹ̀. Bímpé ti gbàgbé ẹja. Ó dúró jẹ́ẹ́ nínú omi, ó ń wo bàbá rẹ̀, ìfófòó rẹ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan ló ń mi ìka fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n gòkè. Ó ń ka tẹ̀sùbáà bọ̀ lọ́nà, kò fo ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n fà á wọnú ọkọ̀, ọkùnrin náà rí i pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà ní dídì. Ó ní kó ṣí i. Gbàdàmọ́sí wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Yanrìn ló kún inú rẹ̀.

Ọkùnrin náà fajú ro. Ó ní òfin ni, kó dá a padà somi. Gbàdàmọ́sí ní òfin ni lóòótọ́, òun kò lè gòkè lọ́wọ́ òfo. Ìyá Bímpé dá sí i: "Oga, no vex. Na so dem dey do am for our side." Ó yọ létà láti inú báàgì, ó nà án sí ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà wo òǹtẹ̀ mẹ́ta, ó wo fọ́tò onímú búlúù, ó wo Gbàdàmọ́sí. Ó na létà sí Bímpé. Ó ní kí ló wà níbẹ̀, irú iṣẹ́ wo ni bàbá yìí ń ṣe gan-an?

Gbàdàmọ́sí mọ ìbéèrè yẹn. Irú rẹ̀ ló sọ ọ́ di Nefi níléèwé. Bímpé nìkan ló lè ka létà náà fún ọkùnrin yìí, ohun tó bá sì wù ú ló lè pè é.

Bímpé kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń kà á. "Sí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Àwa ẹgbẹ́ awayanrìn etí omi Ọ̀jọ́ jẹ́rìí pé Àlàní Gbàdàmọ́sí wọ omi ní ìgbà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún ó lé ọgọ́ta. A ti yọ ọdún tí ẹ̀yìn ń dùn ún kúrò. Kò gòkè lọ́wọ́ òfo rí. Ẹ fún un láyè." Ó ká létà náà, ó dì í mú, ó sì bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ọkọ̀ gbọ́, tó sì yé Gbàdàmọ́sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: "Awayanrìn ni bàbá mi. Láìsí ẹ̀rọ, láìsí gọ́gù, ó ń pa èémí mọ́ra wọ inú òkùnkùn. Yanrìn ló fi rán mi níléèwé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo purọ́ fún wọn níbẹ̀ pé Nefi ni. Awayanrìn ni."

"Nefi bíi ti báwo?" Ìyá Bímpé béèrè.

Bímpé yíjú sí bàbá rẹ̀. "Dádì, ẹ má bínú," ó ní.

Gbàdàmọ́sí jókòó gán-ín létí ọkọ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ wò ó, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Ìyá Bímpé nìkan ló mọ ohun tó ń ṣe é. Ó fọ́n igbe sí i létí:

"Bàbá Bímpé! Ẹ mí!"

Ó mí. Èémí ọgbọ̀n ọdún ló jáde, omijé sì bá a jáde. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì láti gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, yanrìn náà sì yọ́ jáde láàárín ìka rẹ̀, ó padà sínú omi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó rántí wo ọwọ́ rẹ̀, kò ku ẹyọ kan.

"Ìyá Bímpé," ó ní lórí èjìká ọmọ rẹ̀, "má sọ fún Owólabí o."